Ilé Mẹ́rin, Orúkọ Kan: Àríwísí lórí Gbọ̀ngàn Madison Square Garden

Àríyànjiyàn kan ló bí àròkọ yìí. Lọ́jọ́ kan, mo ń wo fídíò eré orin lórí fóònù ìyá mi, eré tí Burna Boy ṣe ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden, ní ìlú New York, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2022. Mo pe bàbá mi àgbà pé, "Bàbá, ẹ wá wo ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ jọba ní Garden." Bàbá wo fóònù náà díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àkọ́kọ́ kẹ̀? Dick Tiger ńkọ́?" N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Wọ́n mi orí, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà.

Ojú tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ilé náà kí n lè mọ ohun tí mo ń yìn. Àwọn tó ni ín máa ń pè é ní gbọ̀ngàn tó lókìkí jù lọ lágbàáyé, èmi náà sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri láìwádìí. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ yẹ ilé náà wò níwá lẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́ lọ́jà ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó kówó sílẹ̀. Èrò mi ni pé ilé eré tó dára ni, aládùúgbò tí kò dára ni, kò sì lè bá wa tọ́jú ìtàn wa.

Ẹ jẹ́ kí á ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Garden túmọ̀ sí ọgbà, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ni ibẹ̀, kì í ṣe ọgbà. Madison Square jẹ́ gbàgede kan ní New York, ṣùgbọ́n láti ọdún 1925 ni Garden ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede náà. Ilé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti jẹ́ orúkọ yìí. Èkíní jẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin tí wọn kò lò mọ́. P. T. Barnum, gbajúmọ̀ onísákọ́ọ̀sì, gbà á lò ní 1874. Nígbà tó di 1879, ìdílé Vanderbilt tó ni ilẹ̀ náà sọ ọ́ ní Madison Square Garden. Kò ní òrùlé, nítorí náà òjò àti òtútù kì í jẹ́ kí àwọn òǹwòran gbádùn rẹ̀. Wọ́n wó o, wọ́n sì kọ́ èkejì síbi kan náà ní 1890. Stanford White, ayàwòrán ilé tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà, ló ya èkejì yìí. Ó ní ilé ìṣọ́ gíga tí ère Diana wà lórí rẹ̀. Ní 1906, níbi tí eré ti ń lọ lọ́wọ́ lórí òrùlé ilé yìí kan náà, ọkùnrin kan yìnbọn pa White. Ní 1925 wọ́n wó ilé náà torí pé kò mú èrè wá. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ló wà lórí ilẹ̀ náà lónìí.

Nínú ẹ̀kẹta ni họ́kì orí yìnyín ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Tex Rickard, ọkùnrin tó ń fi ìjà ẹ̀ṣẹ́ pawó, ló kọ́ ọ sí òpópónà kẹjọ, ọjọ́ 249 péré ni wọ́n sì fi kọ́ ọ parí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1925, ẹgbẹ́ New York Americans pàdé Canadiens ti Montreal níbẹ̀, àwọn àlejò ló sì borí. Rickard rí i pé àwọn ènìyàn fẹ́ràn eré náà, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1926. Àwọn oníwèé ìròyìn ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ ní Rangers ti Tex, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára títí dòní: New York Rangers.

Ní ọdún 1928, Rangers dé àṣekágbá ìdíje Stanley Cup. Ṣùgbọ́n sákọ́ọ̀sì ti gba Garden. Nítorí erin àti àwọn aláwàdà, Montreal, nílé alátakò wọn, ni wọ́n ti gbá gbogbo àṣekágbá náà. Níbẹ̀ ni aṣọ́lé wọn ti farapa, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Lester Patrick, ẹni ọdún 44, fi wọ aṣọ eré, tó lọ dúró lẹ́nu ilé fúnra rẹ̀. Wọ́n borí lọ́jọ́ náà, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ níkẹyìn. Ìtàn yìí dùn, ṣùgbọ́n ó fi àbùkù ilé náà hàn. Ilé tó bá gba gbogbo ènìyàn, ẹni tó bá mú owó wá jù lọ́jọ́ náà ló ni ín. Kódà àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ilé náà lè di alárìnkiri lọ́jọ́ tí ó yẹ kí wọ́n jó nílé.

Bí ilé kan ṣe lè jẹ́ ti họ́kì lónìí kí ó sì jẹ́ ti olórin lọ́la yà mí lẹ́nu. Nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń to páìpù sínú kọnkéré, omi iyọ̀ tó tutù ju yìnyín lọ á sì máa gba inú páìpù náà kọjá. Wọ́n á wá máa fọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sórí kọnkéré títí yóò fi dì. Bí eré orin tàbí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n bá dé láàárín sáà họ́kì, wọn kì í yọ́ yìnyín náà, wọ́n á kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ènìyàn lè jó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kó má mọ̀ pé yìnyín wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Èyí ni mo gbé òṣùbà fún jù nínú ọgbọ́n àwọn tó ń bójú tó ilé náà.

Ẹ̀kẹrin, èyí tó wà lónìí, ni ẹjọ́ rẹ̀ le jù. Ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Ibùdókọ̀ ojú irin Penn Station ló wà níbẹ̀ láti 1910, ilé olókùúta àti onídígí tí òrùlé rẹ̀ ga fíofío, tí ilé-iṣẹ́ tí Stanford White jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín ya àwòrán rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń fi ọkọ̀ òfúrufú àti mọ́tò rìnrìn àjò, owó tán lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ojú irin náà, ó sì ta àyè tó wà lókè ibùdókọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1963 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó o. Wọ́n fi àwọn ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, wọ́n sì gbé Garden tuntun lé wọn lórí. Ó ṣí ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1968. Ibùdókọ̀ ojú irin ló di Garden àkọ́kọ́, Garden ìkẹrin náà ló sì jókòó lé ibùdókọ̀ ojú irin lórí. Inú bí àwọn ará ìlú débi pé New York ṣe òfin ní 1965 láti máa dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó Penn Station ló dé.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé aládùúgbò tí kò dára ni. Ẹni tó wá wo eré ń gòkè lọ sínú ìmọ́lẹ̀, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ń rìn nínú ihò lábẹ́ rẹ̀. Ní 2021, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn tuntun fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin nínú ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ní 2013, ìgbìmọ̀ ìlú fún Garden ní àṣẹ ọdún mẹ́wàá péré láti máa wà níbẹ̀. Nígbà tó di 2023, ọdún márùn-ún ni wọ́n fún un.

Ṣùgbọ́n kí á má fi ẹjọ́ ẹ̀bi du ilé náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òkùn irin ni wọ́n fi so òrùlé rẹ̀ rọ̀, kò sí òpó kankan tó dí òǹwòran lójú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1971, George Harrison àti Ravi Shankar kó àwọn olórin jọ síbẹ̀, wọ́n ṣeré lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kan láti ran àwọn ará Bangladesh lọ́wọ́. Ní 1994, Rangers gba ife Stanley Cup níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 54. Lẹ́yìn Burna Boy, Wizkid kọrin níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Davido sì tẹ̀lé e ní oṣù kẹrin ọdún 2024.

Ó wá ku Dick Tiger. Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Amaigbo ní ilẹ̀ Ìgbò, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1965, ó lu Joey Giardello ní Garden, ó sì gba bẹ́líìtì àgbáyé rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 1966, ó tún lu José Torres níbẹ̀, ó sì gba bẹ́líìtì àwọn tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sáré lọ bá Bàbá pé wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kàwé sí i, mo rí i pé àwa méjèèjì la ṣì í. Garden ìkẹta ni Tiger ti gba bẹ́líìtì méjèèjì yẹn. Wọ́n ti wó o. Nínú Garden ìkẹrin, ilé Burna Boy, Bob Foster ló lu Tiger ṣubú ní ìpele kẹrin ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, tó sì gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé orin yàtọ̀ sí ìjà, àti pé ẹni tí gbogbo èrò wá nítorí òun nìkan kò dọ́gba pẹ̀lú ẹni tó wá jà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń bínú sí ni pé mo lo orúkọ ilé kan ní òkè òkun láti fi wọn iyì wa, n kò sì mọ ẹni tó ti gbé iyì wa wọ ibẹ̀ ṣáájú. Ilé kì í rántí ènìyàn. Wọ́n ti wó mẹ́ta nínú mẹ́rin, orúkọ nìkan ló ṣẹ́ kù.

Nígbà tí mo sọ èyí fún Bàbá, wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní ó dáa, pé ilé kan ṣì wà tí Tiger ti borí tí wọn kò wó, àti pé àwọn wà níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí Bàbá ṣì jẹ́ ọmọ iléèwé, wọ́n tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n wọn lọ sí pápá Liberty ní Ìbàdàn. Tiger lu Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà títí Fullmer kò fi lè jáde wá fún ìpele kẹjọ. Bàbá ní ariwo ọjọ́ náà ni kò jẹ́ kí àwọn lè sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é báyìí. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ sí iléèwé ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọjá níbẹ̀ láìgbójú sókè, tí mo sì mọ iye èrò tí Garden ń gbà lórí. Nítorí náà, ìdájọ́ mi nìyí: kí á máa yọ̀ bí àwọn olórin wa bá kún Garden, nítorí iṣẹ́ wọn ló gbé wọn débẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á bi àwọn bàbá àgbà wa léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ti Bàbá sílẹ̀.