Ohun Tí A Rí Ní Ìjókòó

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbàlagbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ọgbọ́n ni wọ́n ń fi òwe yìí yìn, kì í ṣe àga. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń kọ ìwé yìí, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ni mo wà láti òwúrọ̀ di alẹ́, ohun gbogbo tí mo bá sì rí láyé, ní ìjókòó ni mo ti rí i. Nítorí náà mo fẹ́ gba òwe náà bí ó ti rí gan-an, kí n sì fi yẹ iṣẹ́ ọnà wò. Àwọn tí ń kọ̀wé lórí ère a máa sọ irú igi tí a fi gbẹ́ ẹ, ìlú tí ó ti wá, àti ohun tí a ń fi í ṣe. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n bèèrè ibi tí ojú ẹni tí ń wò ó wà. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré.

Ilé tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni British Museum ní ìlú London. Ọdún 1753 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún 1759 ni wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Àtẹ̀gùn òkúta gbọ̀ọ̀rọ̀ ni ó wà níwájú rẹ̀, tí àwọn òpó ńláńlá sì tò lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́ ọba. Lónìí, ẹ̀rọ tí ń gbé ni ròkè wà ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn náà. Bí a bá wọlé, àgbàlá ńlá tí wọ́n fi gíláàsì bò lórí ní ọdún 2000 tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú ẹni. Ìsàlẹ̀ ilé ni yàrá àwọn iṣẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà wà, líìfìtì ni mo sì bá sọ̀ kalẹ̀. Mo dé ibẹ̀ láìsí wàhálà, n kò ní ẹjọ́ kankan láti bá wọn rò. Lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà ni ìbéèrè mi bẹ̀rẹ̀: nígbà tí mo wọlé tán, kí ni mo rí?

Ohun kìíní tí ó gba ojú mi ni àwọn abala idẹ Bìní, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní ààfin Ọba ní ọdún 1897. Wọ́n tò wọ́n mọ́ ara àwọn ọ̀pá irin gíga, ọ̀kan lórí èkejì. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ni mo rí dáadáa. Mo ní láti gbójú sókè gidigidi kí n tó rí àwọn yòókù. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ lọ káàánú mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ara òpó ààfin ni a kan irú idẹ bẹ́ẹ̀ mọ́ ní Bìní, ẹni tí ó bá sì wá síwájú Ọba, orí ìkúnlẹ̀ ni ó wà. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi pè ní ìyà, ipò ẹni tí ó wá kí Ọba ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú iṣẹ́ tiwa. Ẹni tí ó wọ ojúbọ, ìkúnlẹ̀ ni. Ẹni tí ó dé ààfin, ìdọ̀bálẹ̀ ni. Agbẹ́gilére mọ èyí kí ó tó mú ọ̀bẹ. Àwa tí a ń rò pé ìdúró nìkan ni a fi ń wo ère, inú ilé àwọn òyìnbó ni a ti kọ́ ọ.

Iṣẹ́ tí ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù ni ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí, Ìsẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, ọdún 1938 ni ó sì kú. Kò tẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ igi. Ó gbẹ́ wọn yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára ìlẹ̀kùn. Ìtàn tí ó gbẹ́ sí i ni ìgbà tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, Captain Ambrose, wá rí Ògògà. Ọba jókòó sórí ìtẹ́, adé wà lórí rẹ̀, ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀. Òyìnbó ń bọ̀ ní apá kejì, kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn: àwọn alábàárù ni wọ́n gbé e.

Àwọn kan wí pé Ọlọ́wẹ̀ fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí nǹkan mìíràn. Ẹni tí ń rìn lè rò pé àwọn méjèèjì kàn jókòó ni. Èmi mọ̀ pé ìjókòó méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìjókòó ọba wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá wù ú, yóò yí padà, yóò sì wo ibi tí ó fẹ́. Ẹni tí a gbé, ọwọ́ àwọn tí ó gbé e ni ó wà: bí wọ́n dúró, ó dúró, bí ẹsẹ̀ wọn yọ̀, ó di ilẹ̀. Ẹ gbọ́ bí èdè wa ti sún ọ̀rọ̀ méjì mọ́ra, ẹ̀rù àti ẹrù. Ọkùnrin tí ó wá fi ẹ̀rù ìjọba rẹ̀ ba ìlú, Ọlọ́wẹ̀ sọ ọ́ di ẹrù. Lára òpó kan tí ó gbẹ́ fún ààfin kan náà, èyí tí ó wà ní Art Institute of Chicago, ayaba tí ó dúró ga ju ọba tí ó jókòó lọ fíìfíì, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò wò ó tí kò ní mọ ẹni tí ó ni ìlú. Gíga kọ́ ni ọlá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ní líìfìtì tàbí ọ̀nà tí ó dà gẹ̀rẹ́ fún mi ní ìjókòó Ògògà. Èyí tí kò ní in sọ mí di ẹrù. Mo ti dé irú rẹ̀ kan rí nílé níbí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin gbé èmi àti àga mi gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń wí pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀ọ̀dá, ẹ má fòyà.” Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé òkè, bí wọn yóò ti tún gbé mi sọ̀ ni mò ń rò, n kò ráyè wo ère. Àpótí gíláàsì tí wọ́n pàtẹ ìlẹ̀kẹ̀ sí ga ju ojú mi lọ, pákó ìdí rẹ̀ ni mo wò. Bí wọ́n sì bi mí pé, “Ṣé ó dára?” mo ní ó dára púpọ̀. Kí ni ǹ bá tún wí? Ẹni tí a gbé wọlé kò lè ṣe lámèyítọ́. Ìdúpẹ́ nìkan ni ó kù fún un. Ohun tí ó dùn mí jùlọ nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní owó kò sí. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ilẹ̀ wa ní oṣù kìíní ọdún 2019, tí ó kà á léèwọ̀ láti yan aláàbọ̀ ara jẹ, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún 5 náà pé ní 2024. Owó kọ́ sì ni gbogbo rẹ̀: láti gé ẹsẹ̀ àpótí kan kúrú, iṣẹ́ káfíńtà ni.

Ó ku bí ìlẹ̀kùn náà ti dé London. Ọdún 1924 ni wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà fẹ́ rà á, Ògògà kò tà. Ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ìlẹ̀kùn lọ, àga dé. Bóyá Ògògà jèrè tàbí ó pàdánù, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn onítàn. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ó di olùtọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́la, kí ẹ tó gbé ère kalẹ̀, ẹ wá àga, ẹ jókòó níwájú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.