Rúlà àti Àwo Pẹlẹbẹ

Ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, bí ìtọ̀ bá ń ta ènìyàn, àtọ̀sí ni ọ̀pọ̀ ń pè é, ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì sì ni wọ́n ń gbà lọ. Bẹ́ẹ̀, lára obìnrin pàápàá, kòkòrò E. coli inú ìfun ló sábà ń ṣí lọ sí àpò ìtọ̀.

Iṣẹ́ àwọn tó ń wá kòkòrò yìí rí wú mi lórí gidigidi. Wọ́n á fi wáyà tín-ínrín fa ìtọ̀ sórí oúnjẹ kòkòrò nínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n á gbé e síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ dọjọ́ kejì. Ohun tó bá hù, wọ́n á tún un gbìn, wọ́n á to bébà róbótó tí oògùn wà lára wọn sí i. Nígbà tílẹ̀ bá tún mọ́, rúlà ni: mìlímítà mélòó ni kòkòrò fi sá fún oògùn? Bó bá hù dé etí bébà, oògùn yẹn ò ràn án mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ̀rora ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ti wúlò. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Ísírẹ́lì yẹ àkóràn ìtọ̀ tó lé ní 700,000 wò: ọjọ́ orí, èsì àtijọ́ àti oògùn tí aláìsàn ti rà ń tọ́ka sí oògùn tí kòkòrò rẹ̀ yóò borí.

Nítorí náà, dókítà, bí ìyá kan láti Òkukù bá yọ bébà èsì èṣí tó ti ká jáde nínú báàgì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kí ẹ tó kọ oògùn.