Mọ́tò Kékeré, Ìnáwó Ńlá

Bí ènìyàn bá gbọ́ mọ́tò ìṣeré, ohun tó máa ń wá sí i lọ́kàn ni èyí tí a ń rà fún ọmọ lọ́dún Kérésì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti yọ kí ọdún tuntun tó dé. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ gbé ìyẹn tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, àgbàlagbà onírùngbọ̀n ló ń wà á. Ó gùn tó ìdajì mítà, ó wúwo ju kílò mẹ́ta lọ, ẹ́ńjìnnì gidi tó ń jó epo ló wà nínú rẹ̀, rìmóòtù ni wọ́n sì fi ń darí rẹ̀. Bọ́gì ni wọ́n ń pè é. Orí pápá oníyẹ̀pẹ̀ tó kún fún gegele ni wọ́n ti ń fi sá eré ìje, á fò sókè, á balẹ̀, á tún kọrí síwájú. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni wọ́n ń pe ìwọ̀n rẹ̀, nítorí pé bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ, yóò tó mọ́tò tí ènìyàn ń wọ̀. Àwọn ará Japan, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni eré yìí wà lọ́wọ́ wọn jù lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ̀wé bi mí léèrè. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ọjọ́ Sátidé nìkan ni òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, máa ń ráyè jókòó pọ̀. Ọmọ náà ti rí bọ́gì ní pápá, kò sì jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbádùn mọ́. Bàbá ti tọ́jú owó kan pamọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni owó náà tó rà á, bó bá ra èyí tí kò dára, ó tán nìyẹn, Sátidé wọn ti dàrú. Ó ní àwọn tó ń tà á ń sọ tiwọn, ìwé ìpolówó ń sọ tirẹ̀, kí èmi tí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí n sùn bá òun dá sí i.

Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ti tò pọ̀ tán láti ilé iṣẹ́, tó ní ẹ́ńjìnnì, rìmóòtù, táyà, ohun gbogbo. Epo nìkan ló kù àti bátìrì díẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé ó ti ṣe tán fún eré ìje. Èkejì ni èyí tó wà ní wẹ́wẹ́ nínú àpò nọ́ńbà ọ̀kan, àpò nọ́ńbà kejì, tí ẹ̀yin fúnra yín á fi ọwọ́ tò. Èyí kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní rìmóòtù, ọ̀pọ̀ ìgbà kò tilẹ̀ ní táyà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lè ju ti alákọ̀ọ́kọ́ lọ. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ẹ̀rí ọkàn wọn ti kú.

Ohun tí wọ́n kọ sára páálí yẹn gan-an ni mo bá wí. Mọ́tò tí wọ́n ti tò tán kì í ṣe ayédèrú o. Kyosho ti Japan ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Inferno Neo, orí Inferno àtijọ́ tó ti sá eré ìje rí ni wọ́n gbé e lé, ó lágbára, ẹni tó bá fẹ́ máa fi ṣeré ní pápá gbalasa lẹ́yìn ilé kò ní kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n eré ìje kọ́ nìyẹn. Kí owó mọ́tò bẹ́ẹ̀ má baà ga jù, ibi tí ojú kò ti ní tètè rí i ni wọ́n ti ń dín in kù. Ẹ wo servo, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú. Bí agbára rẹ̀ bá kéré, ẹ ó yí rìmóòtù sọ́tùn-ún, mọ́tò á rò ó ná kó tó yà. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé okùn ni a fi ń fà á bíi ti jẹnẹrétọ̀. Àwọn tó ń díje kì í lo okùn, inú àpótí kan tó ní bátìrì àti rọ́bà tó ń yí ni wọ́n ti ń gbé mọ́tò lé láti tá a. Láàárín oṣù díẹ̀ ẹ ó pààrọ̀ servo, ẹ ó pààrọ̀ rìmóòtù, ẹ ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ṣé ẹ rí i? Ẹ ti ra mọ́tò kan ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Àǹfààní kan tún wà nínú èyí tó wà ní wẹ́wẹ́ tí kò sí nínú ìwé ìpolówó. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó mọ ibi tí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan wà. Differential mẹ́ta ló wà nínú bọ́gì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ́ìlì tó ki bí oyin ni wọ́n sì ń rọ sínú wọn. Bí ọ́ìlì bá ṣe ki tó ni mọ́tò á ṣe máa yà tó. Bàbá àti ọmọ tó bá jókòó ti àpò wọ̀nyí fún ọjọ́ Sátidé mẹ́ta, ọjọ́ tí nǹkan bá já ní pápá, wọn kò ní wá ẹni tí wọ́n á bẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń bi ara wọn títí tí wọ́n fi ń jà: ti ta ló dára jù? Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó gba ìdíje àgbáyé. Ní ọdún 2010, ní Pattaya ní Thailand, Cody King ará Amẹ́ríkà fi Kyosho gbà á. Ní 2012, ní Buenos Aires, Robert Batlle ará Spain fi Mugen Seiki gbà á. Ní 2014, ní Sicily, Ty Tessmann ará Canada fi Hot Bodies gbà á, orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn náà ni David Ronnefalk ará Sweden lò ní Las Vegas ní 2016. Ní 2022, ní Redován ní Spain, Davide Ongaro ará Ítálì fi Team Associated gbà á. Ìdíje márùn-ún, orúkọ mẹ́rin. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ló ń sáré, ó ní èyí tó fẹ́ tà ni.

Lójú tèmi, ibi tí ẹ ti fẹ́ máa sáré ni kó yàn án fún yín. Ẹ lọ sí pápá yẹn ní ọjọ́ ìdíje kí ẹ tó náwó. Ẹ ka mọ́tò tó wà lórí tábìlì. Bó bá jẹ́ pé Mugen ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ ra Mugen, bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ràn Kyosho. Ìdí ni pé apá mọ́tò á ṣẹ́, kò sí ẹni tí kì í ṣẹ́ fún, agogo mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ló sì máa ń ṣẹ́. Aládùúgbò tó ń lo irú tiyín ló máa fún yín ní èyí tó wà nínú àpò rẹ̀. Ilé ìtajà tó wà lórí kọ̀ǹpútà kò lè gbé e dé kí wọ́n tó fọn fèrè.

Fún ọ̀rẹ́ mi àti irú rẹ̀ tí owó wọn kò gbòòrò, mo ní kí wọ́n ra ara mọ́tò ní tòkunbọ̀. Àwọn tó ń díje máa ń pààrọ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ bá gbé tuntun jáde, wọ́n á sì ta ti àná ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí ẹ mì ín. Bó bá ń ṣe jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́, ibi tí apá ti ń yí ti jẹ. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ wo irin pẹrẹsẹ tó wà lábẹ́ bóyá ó ti tẹ̀. Ẹ wo ṣọ́kì bóyá ọ́ìlì ń jò. Kí ẹ sì rí i dájú pé wọ́n ṣì ń ta pààtì rẹ̀, torí mọ́tò tí wọn kò ṣe pààtì rẹ̀ mọ́, ohun ọ̀ṣọ́ fún pálọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kọ́ o! Ẹ má ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ jẹ́ àna yín. 3.5 cc péré ni ẹ́ńjìnnì yìí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a sọ ní "I better pass my neighbour" tó 63 cc. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgbà ni jẹnẹrétọ̀ yẹn ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ti bọ́gì ń yí ju 30,000 lọ. Písítìn rẹ̀ kò sì ní ríǹgì. Ihò tí písítìn ń gbà lọ sókè sódò há díẹ̀ ní òkè ju ìsàlẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tí ẹ fi ọwọ́ yí i, ẹ ó rí i pé ó fún pinpin bó bá ti dé òkè. Bó bá gbóná, ihò náà á fẹ̀, á wá bá písítìn mu rẹ́gí. Fífún yẹn ni ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti lọ, kò sí mẹkáníìkì tó lè pè é padà, àfi kí ẹ ra písítìn àti ihò rẹ̀ tuntun, owó ọ̀hún kì í sì í ṣe kékeré.

Ohun méjì ló sábà máa ń lé e lọ. Èkíní ni eruku. Fóòmù kan wà lórí kábúrétọ̀ tí a gbọ́dọ̀ fi ọ́ìlì rẹ, kó lè mú eruku. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ ti sọ ẹ́ńjìnnì di pákó tí wọ́n ń fi sáńpépà ha. Èkejì ni kí a fún epo mọ́ ọn jù. Bí epo bá kéré tí afẹ́fẹ́ pọ̀, ẹ́ńjìnnì á gbóná, ohùn rẹ̀ á han gooro, mọ́tò á máa fò, ọmọ á máa pàtẹ́wọ́. Ikú ló ń kọrin yẹn. Èéfín tó ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kó yọ, ọ́ìlì ló ń bá a jáde, ọ́ìlì yẹn ló sì ń dáàbò bò ó. Ẹni tó bá rà á tòkunbọ̀ kò lè mọ èyí tí olówó àkọ́kọ́ ṣe nínú méjèèjì.

Tuntun náà ní tirẹ̀. Àwọn àgbà yóò rántí ìgbà tí mọ́tò tuntun ń lẹ ìwé mọ́ ẹ̀yìn pé kí ẹ máa kọjá, ẹ́ńjìnnì òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìrìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí. Ẹ fi epo púpọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, ẹ má sá a tipátipá, kí ẹ pa á, kó tutù, kí ẹ tún tá a. Bí ẹ bá ti pa á, ẹ yí písítìn wá sí ìsàlẹ̀ kó tó tutù, kí òkè tó há má baà gbá a mú.

Epo ọ̀hún kì í ṣe ti ilé epo. Methanol ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ́ìlì wà níbẹ̀, nitromethane náà wà níbẹ̀. Nítorí pé a lè fi nitromethane ṣe bọ́ǹbù, láti oṣù kejì ọdún 2021 ni òfin European Union ti sọ pé ará ìlú lásán kò gbọdọ̀ ra èyí tó bá ju 16 nínú 100 lọ bí kò bá ní ìwé àṣẹ. Èmi methanol ló ń bà lẹ́rù jù. Ní ọdún 2015, ọtí ìbílẹ̀ tí methanol wà nínú rẹ̀ pa ènìyàn ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ohun náà ló wà nínú gálọ́ọ̀nù yìí, wọ́n sì máa ń pa á láró kó pọ́n bí ọtí dídùn. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Iná rẹ̀ kì í fẹ́ hàn lójú ọ̀sán, nítorí náà kí sìgá má ṣe sún mọ́ tábìlì.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a kò ra oníbátìrì, tí kò ní epo, tí kò ní èéfín, tí ẹ kàn máa tẹ bọ́tìnnì kó lọ. Òótọ́ ni, ó rọrùn jù, mi ò sì ní bá ẹni tó bá rà á jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ àṣekágbá ti elépo. Àgbá epo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 125 cc lọ, bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló ń lò, eré náà sì lè gba ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń wà á dúró lókè pèpéle, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìgò epo lọ́wọ́, tó ń ka ìṣẹ́jú, tó ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, tó ń pariwo sókè pé ó yá, wọlé. Bọ́gì á yà wọlé, a ó gbé e, ṣí ìdérí, rọ epo, tì í padà, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi pé ọmọ ni kó dúró lókè, kí òun bàbá di ìgò epo mú.