“Ajé Gúnlẹ̀” ní Èdè Sípáníìṣì: Lámèyítọ́ lórí Kíkọ́ Àsìkò Ọ̀rọ̀-Ìṣe láti Ẹnu Gẹ̀ẹ́sì

Ìfáàrà

Gbólóhùn kíkún ni orúkọ Ajégúnlẹ̀. Ajé ni olùwà. Gúnlẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe, èyí tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ ojú omi tí ó dé èbúté. Ó bá àdúgbò tí ó súnmọ́ èbúté Àpápá tó bẹ́ẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ìgbà tí ajé náà gúnlẹ̀, gbólóhùn yìí kò ní sọ. Ó lè jẹ́ ní àná, ó sì lè jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ ni. Sípáníìṣì kò gba irú èyí. Ẹni tí yóò túmọ̀ orúkọ náà gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú la riqueza atracó (ó gúnlẹ̀, ó parí), la riqueza ha atracado (ó ti gúnlẹ̀) àti la riqueza atracaba (ó ń gúnlẹ̀ nígbà náà). Ọ̀rọ̀-ìṣe atracar yìí kan náà ni àwọn elédè náà ń lò fún ìdigunjalè. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn èbúté yóò rẹ́rìn-ín.

Èdè Sípáníìṣì fúnra rẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ yìí ń ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ ni. Ìwé tí ó bá tẹ ọmọ Àpápá lọ́wọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wá di alágbàtà, alágbàtà kì í sì í gbé ọjà kọjá láìyọ èrè tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti kíláàsì nìkan. Odion Ighalo, tí ó dàgbà ní Ajégúnlẹ̀, gbá bọ́ọ̀lù fún Granada ní Sípéènì kí ó tó lọ sí Watford ní ọdún 2014. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Maracana ní Ajégúnlẹ̀ ni ojú wọn wà ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn fún ní èdè Sípáníìṣì ní láti mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù san owó, tàbí ó máa ń san án, tàbí yóò san án.

Èrè Alágbàtà

“Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Maracana lánàá” yàtọ̀ sí “ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní Maracana nígbà èwe rẹ̀.” Sípáníìṣì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: jugó ni ti àkọ́kọ́, jugaba ni ti èkejì. Gẹ̀ẹ́sì lè fi played kan ṣoṣo bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí wọ́n fi played kọ́ ni yóò wá máa há òfin sórí lórí ìyàtọ̀ tí ó ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe láti kékeré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù lọ ni quiero que venga. Àwọn ìwé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ máa ń ka irú ọ̀rọ̀-ìṣe yìí sí òkè ńlá, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà lo odindi awẹ́ gbólóhùn níbẹ̀. “Mo fẹ́ kí ó wá” ni Yorùbá ń wí: awẹ́ gbólóhùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú olùwà tirẹ̀, kí sì ń fi hàn pé ohun tí a ń fẹ́ kò tíì ṣẹlẹ̀. Báyìí náà ni ti ser àti estar, tí ó súnmọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàrin “dókítà ni” àti “ó wà ní Àpápá”. Báyìí sì ni ti tú àti usted, tí ọmọ tí ó mọ ìgbà tí à ń wí “o” àti ìgbà tí à ń wí “ẹ” kò nílò àlàyé gígùn lé lórí.

Ibi tí Yorùbá Ti Ń Ṣini Lọ́nà

Kò yẹ kí wọ́n torí èyí sọ Yorùbá di àkàbà tí ń gbéni dé ibi gbogbo. Bámgbóṣé, nínú Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá (1990), pe àsìkò tí kò ní àmì ní afànámónìí, orúkọ náà sì bá a mu: “ó san án” jẹ́ ti àná, “ó mọ̀ ọ́n” jẹ́ ti òní. Oyèláràn tilẹ̀ jiyàn pé Yorùbá kò ní àsìkò rárá, pé ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ nìkan ni ó ní. Èyíkéyìí tí ènìyàn bá gbà nínú èrò méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lo àmì kankan fún “mo mọ̀ ọ́n” yóò kọsẹ̀ lórí conocía (mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀) àti conocí (ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n).

Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ní irinṣẹ́ mìíràn níhìn-ín tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Don inú Pijin súnmọ́ “ti”, dey súnmọ́ “ń”, go súnmọ́ “yóò”. Ṣùgbọ́n bin ń tọ́ka sí ìgbà tó kọjá gan-an, Yorùbá kò sì ní irú rẹ̀. Ní erékùṣù Bioko ní Guinea Equatorial, tí ó wà lábẹ́ Sípéènì títí di ọdún 1968, Píchì tí ó ṣẹ̀ wá láti Krio ti Freetown ń lo bin bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń sọ ọ́ sì ń sọ Sípáníìṣì pẹ̀lú.

Ó ku ọ̀rọ̀ àmì. Pago ni “mo ń san”, pagó ni “ó san”. Pagará ni “yóò san”, pagara ni yóò jẹyọ nínú “ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ náà san.” Ìtẹnumọ́ ni àmì yìí ń fi hàn, kì í ṣe ohùn, síbẹ̀ ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ ọkọ̀ sí ọkọ́ kò ní fojú fo ó. Ṣùgbọ́n àmì kò sí fún pagamos. “A ń san” ni, “a san” náà sì ni. Àyíká ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò sọ èwo ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú orúkọ Ajégúnlẹ̀.