Oníṣẹ́ Iná Tó Mọ Iye Tí Iṣẹ́ Máa Jẹ

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ti kọ́lé rí ló ti bá oríṣi oníṣẹ́ iná méjì pàdé. Ọ̀kan á gbé fóònù, á gbọ́ pé ilé oníyàrá mẹ́ta ni, á sì ju iye kan sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń dá owó ọkọ̀ láti Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀. Èkejì á ní, “Ẹ má bínú, mà. Mi ò lè dárúkọ owó láìtíì fojú kan ilé náà. Ẹ jẹ́ n wá wò ó ná.” Èkejì yìí ni mo fẹ́ yìn lónìí. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń fara mọ́ ọn, torí ó ń fi nǹkan falẹ̀, ẹlòmíì á sì rò pé ńṣe ló fẹ́ wá wo bí àpò òun ṣe tó.

Tó bá dé, kì í gbé hámà wá. Tépù ìwọ̀n, ìwé kékeré àti bírò ló máa ń mú dání. Yóò wọ yàrá kan, yóò dúró láàárín rẹ̀, ìbéèrè á sì bẹ̀rẹ̀: “Màmá, ibo lẹ fẹ́ kí orí bẹ́ẹ̀dì kọ sí? Apá ibo ni ilẹ̀kùn yìí máa ṣí sí? Ṣé ẹ ń gbèrò láti fi AC síbí lọ́jọ́ iwájú?” Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ń tọ pinpin, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú ìbéèrè wọ̀nyẹn tí kò lówó nídìí. Bí wọ́n bá fi súwíìṣì sí apá ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni onílé á ti máa fọwọ́ wá a kiri lóru. Bí Màmá bá fẹ́ máa pa iná láti orí bẹ́ẹ̀dì láìdìde, súwíìṣì méjì ló máa darí gílóòbù kan, wáyà á sì pọ̀ sí i. AC tí wọn ò bá dárúkọ lónìí, tí wọ́n wá rántí lẹ́yìn tí wọ́n ti rẹ́ ògiri tí wọ́n sì ti kùn ún, ògiri náà ni wọ́n máa tún gbẹ́.

Ìgbà tó bá wá ń wọn wáyà ni mo máa ń gbádùn rẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn àti 12 ní ìbú. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí á wo súwíìṣì lára ògiri, á wo gílóòbù láàárín àjà, á ní wáyà tó máa so wọ́n pọ̀ kò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ. Àmọ́ wáyà kì í gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Ká ní àjà ga tó mítà 3, tí súwíìṣì sì wà ní mítà 1.35 sókè ilẹ̀. Wáyà máa kọ́kọ́ gun ògiri ní mítà 1.65 nínú páìpù, kó tó yà sí àárín yàrá, ìyẹn bíi mítà 1.8 mìíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 3.45. Bí wáyà mẹ́ta bá wà nínú páìpù náà, ó ti di mítà 10.35 nìyẹn. A ò tíì ka èyí tó máa ti DB, àpótí tí wọ́n ti ń pín iná sí gbogbo ilé, wá sí yàrá, a ò sì tíì ka ìrù wáyà tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú àpótí kọ̀ọ̀kan kí ọwọ́ lè rí nǹkan dì mú lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ de sọ́kẹ́ẹ̀tì. Gílóòbù kan ṣoṣo là ń sọ o! Tó bá ṣe èyí yíká ilé tán, á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí gígé àti ìṣòfò, á wá sún un sókè dé odindi ìdì.

Lẹ́yìn gígùn, ó kan ìnípọn. Wáyà 1.5, ìyẹn mìlímítà onígun mẹ́rin 1.5, ni wọ́n sábà ń fà fún gílóòbù àti fáànù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún AC tàbí ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, 6 fún sítóòfù tó ń lo iná. Èyí tó ti ibi mítà iná wọ DB máa ń nípọn ju gbogbo ìyẹn lọ. Ibí yìí ni ẹni tó fẹ́ kí owó tirẹ̀ kéré ju ti ẹlòmíì ti ń ṣe màgòmágó: á fi 1.5 síbi tí 2.5 yẹ kó wà. Ní ilé ìdáná, kẹ́tù oníná tó jẹ́ wáàtì 2,200 ń fa bíi ampere 9.6 lórí iná fóòtì 230. Bí áyọ́ọ̀nù bá tún wà lórí wáyà kan náà, wáyà tín-ín-rín inú ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, onílé ò sì ní mọ̀ títí rọ́bà rẹ̀ á fi máa rùn.

Ọjà náà nílò ojú. Wáyà ayédèrú kún ìgboro: èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, tí wọ́n kàn fi bàbà bò lójú. Oníṣẹ́ iná tí mò ń sọ yìí á bó orí wáyà, á fi ọ̀bẹ ha á. Bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, ó ti sọ ọ́ padà fún ọlọ́jà nìyẹn. Ó tún mọ̀ pé bàbà inú wáyà 2.5 tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ nípọn tó bíi mìlímítà 1.78, ohunkóhun tí wọn ì báà kọ sára rẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra bàbà lágbàáyé. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí ọjà máa fúnra rẹ̀ pinnu iye náírà, lísìtì tí wọ́n kọ lọ́jọ́ Ajé lè má wúlò mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́gbọ́n fi ń kọ ọjọ́ sórí lísìtì, tó sì ń sọ iye ọjọ́ tí owó náà fi lè dúró.

Owó ọjà wà lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ ọwọ́ wà lọ́tọ̀. Póìǹtì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣírò iṣẹ́ ọwọ́: iye gílóòbù, iye sọ́kẹ́ẹ̀tì, iye fáànù, AC sì ní owó tirẹ̀. Wọ́n á sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ìgbà páìpù, ìgbà wáyà, àti ìgbà tí wọ́n bá ń de súwíìṣì àti gílóòbù. Nínú owó yìí ni owó ọkọ̀ wà, oúnjẹ ọmọ iṣẹ́ wà níbẹ̀, ṣísẹ́lì tó máa kú sára kọnkéré wà níbẹ̀. Kí n sọ òótọ́ tó wà nínú mi: àwa onílé la ń ba àwọn kan nínú wọn jẹ́. A ó ná owó iṣẹ́ ọwọ́ títí kò fi ní kù ju owó ọkọ̀ lọ, lẹ́yìn náà a ó máa ṣe hàà pé ó jẹ èrè lórí wáyà. Níbo la fẹ́ kó ti jẹun?

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ṣeé ka ní póìǹtì. Ilé alámọ̀ àtijọ́ lágbègbè Ọjà'ba n'Ìbàdàn kò ṣeé gbẹ́ bíi ti búlọ́ọ̀kù. Ara ògiri ni wáyà máa gbà, wọ́n á sì fi ìṣó kékeré kàn án mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ á falẹ̀, owó á yàtọ̀. Bí iná bá ń já lóru láìsí ẹni tó mọ̀dí, owó àyẹ̀wò ló tọ́ kí a kọ́kọ́ san, nítorí ó lè fi odindi ọ̀sán wá ibi kan ṣoṣo tí eku ti jẹ wáyà, kó sì tún un ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ti orí òpó ńkọ́? Iléeṣẹ́ tó ń pín iná ló ni ìyẹn. Ẹni tó bá kọ òpó gígun mọ́ lísìtì, ẹ má gbà fún un.

Iṣẹ́ sólà àti ínfátà ló wá gba ìṣirò jù báyìí. Fáànù mẹ́ta tó jẹ́ wáàtì 70 níkọ̀ọ̀kan jẹ́ 210. Gílóòbù mẹ́jọ tó jẹ́ 10 jẹ́ 80. Tẹlifíṣọ̀n jẹ́ 100. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 390. Bí onílé bá fẹ́ lò ó fún wákàtí mẹ́fà lóru, ó ti di wáàtì-wákàtí 2,340. Lójú ìwé, bátìrì fóòtì 12 tó jẹ́ ampere-wákàtí 200 lè gbé wáàtì-wákàtí 2,400, ẹlòmíì á sì ní ọ̀kan ti tó. Ṣùgbọ́n bátìrì olómi kì í pẹ́ láyé bí wọ́n bá ń fà á kọjá ìdajì lójoojúmọ́. Méjì ni oníṣẹ́ iná wa máa kọ. Bí onílé bá sì ní owó náà ti pọ̀ jù, fáànù ló máa kọ́kọ́ bá a dín. Kò jẹ́ fọwọ́ kan bátìrì.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fa iná sílé, ẹ jẹ́ kó wọ gbogbo yàrá kó tó dárúkọ owó, kí ẹ sì fún un lówó ọkọ̀ ọjọ́ náà bí iṣẹ́ ò tilẹ̀ jọ. Ẹ gba lísìtì méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ti ọjà àti ti iṣẹ́ ọwọ́, pẹ̀lú àwòrán ibi tí páìpù gbà nínú ògiri. Ẹ tọ́jú wọn pọ̀ mọ́ ìwé ilẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kan ìṣó kọ́ fótò, tàbí tí ẹ bá fẹ́ fi yàrá kan kún ilé, àwòrán yẹn lẹ máa kọ́kọ́ wá.