Àkàrà Kì Í Ṣe Bọ́ọ̀lù Iná

Ẹni tó bá lọ sí Salvador, ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, àfi kó jẹ àkàrà. Àwọn obìnrin tó ń dín in wà káàkiri ìgboro, pẹ̀lú aṣọ funfun àti gèlè. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ̀wà ni, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in. Wọ́n á là á láàárín, wọ́n á wá ki vatapá àti edé bọ̀ ọ́ nínú. Ó dùn jọjọ. Ẹjọ́ àkàrà kọ́ ni mo wá rò, ẹjọ́ àlàyé tí wọ́n ń ṣe fún àlejò lórí orúkọ rẹ̀ ni.

Afinimọ̀nà wa ní "bọ́ọ̀lù iná" ni àkàrà túmọ̀ sí lédè Yorùbá, pé "jíjẹ bọ́ọ̀lù iná" ni acarajé. Òun nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́ o. Ó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó ní kíláàsì mi rí, ẹ bá mi wá iná jáde nínú àkàrà. Ìtàn Ṣàngó àti Ọya ni wọ́n fi ń gbe àlàyé náà lẹ́sẹ̀. Ìtàn náà dùn, àmọ́ ìtàn kì í ṣe gírámà.

Tó bá sì jẹ́ "jíjẹ" ni, jẹ ni ìbá ṣáájú: jẹ àkàrà. Kí ló gbé e sẹ́yìn? Lójú tèmi, igbe ìpolówó ọjà ló ṣẹ́ kù síbẹ̀: "Ẹ ra àkàrà jẹ o!" Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni, rà àti jẹ, àkàrà wà láàárín wọn. Ẹni tí kò gbọ́ èdè, tó ń gbọ́ igbe yẹn lójoojúmọ́, ìdí rẹ̀ ló máa dì mú: àkàrà jẹ.

Ṣé ẹ rí i, iná yẹn ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Láyé òwò ẹrú, ọ̀pọ̀ obìnrin ni olówó wọn ń rán jáde láti lọ kiri ọjà. Olówó á gba tirẹ̀. Díẹ̀ tó bá kù, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, àwọn kan sì fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ara wọn padà. Igbe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni acarajé. Nígbà tí ìjọba Brazil fi orúkọ sílẹ̀ fún ohun-àjogúnbá yìí lọ́dún 2005, iṣẹ́ àwọn obìnrin náà gan-an ni wọ́n kọ sínú ìwé. "Bọ́ọ̀lù iná" sọ ọ́ di idán: àlejò á rẹ́rìn-ín, á ya fọ́tò, á lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Pelourinho, àdúgbò aláràbarà tí gbogbo àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀. Òpó tí wọ́n ń so èèyàn mọ́ nà ní gbangba ni orúkọ yẹn. Afinimọ̀nà wa kò túmọ̀ ìyẹn. Ó sọ pé 1549 ni Tomé de Sousa tẹ ìlú náà dó, pé òun ni olú-ìlú Brazil títí di 1763, òótọ́ ni. Ó fi ẹ̀rọ Lacerda hàn wá, tó ti ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ etíkun lọ sí òkè ìlú láti 1873. Ọ̀tẹ̀ àwọn Malê, ti oṣù kìíní ọdún 1835, kò ṣẹnu bà á rárá. Bẹ́ẹ̀, ìmàle tiwa ni malê, àwọn Nàgó ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Àmọ́ kí àwa náà má ṣàṣejù. Àwọn ọmọ Yorùbá tá a jọ lọ fẹ́ẹ̀ sọ gbogbo ìlú di tiwa. Dendê, orúkọ epo pupa níbẹ̀, láti inú Kimbundu ti Àǹgólà ló ti wá. Mo sọ ìyẹn fún ẹnì kan nínú wọn, ó ní kí Prof jọ̀ọ́ má ba ìrìn-àjò òun jẹ́.