Òkú Èkó Létí Ọ̀sà

Tí ẹ bá ti Ṣómólú wọ Bàrígà, tí ẹ ń sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, èéfín ẹja ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Ilé oúnjẹ tí à ń sọ yìí ò ní pátákó. Ìyá ló ń sè é, àwọn ọmọbìnrin ẹ̀ ló ń gbé e fún oníbàárà, bàbá àti ọmọkùnrin ló ń tu ọkọ̀ lọ pẹja. Orí bẹ́ǹṣì lẹ máa jókòó, ẹ ó máa wo afárá Third Mainland lọ́ọ̀ọ́kán.

Torí púpurú la ṣe ń lọ. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan, wọ́n á fún omi ẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n rìbìtì, wọ́n á gbé e sórí iná kí èéfín jẹ ẹ́. Wọ́n á ha ẹ̀yìn ẹ̀ tó ti dúdú, wọ́n á gún un, wọ́n á kù ú, kí wọ́n tó rò ó. Ti ìyá yìí dáa gan-an: kì í lẹ̀ mọ́wọ́, èéfín ò sì bo kíkan ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọbẹ̀ marúgbó náà ò kẹ̀rẹ̀, iyọ̀ ẹ̀ ló pọ̀ díẹ̀.

Ẹja wá ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ. "Ẹja ọ̀sà" ni wọ́n pè é fún wa, òkú èkó la bá nínú abọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹja yìnyín, létí ọ̀sà! Owó ẹja ọ̀sà ni wọ́n sì gbà. Níbi iṣẹ́ tiwa, ìyẹn kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, bí orúkọ bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ẹ̀, àṣìṣe là ń pè é. Nígbà tá a béèrè, ìyá nawọ́ sí àwọn tó ń wa yanrìn lójú omi: "Ẹ bi àwọn yẹn." Irọ́ kọ́ jàre. Yanrìn wíwà ń da omi rú, ó sì ń ba ibi tẹ́ja ń yé sí jẹ́.

Kì í ṣe Bàrígà nìkan o. Ní Jámánì, àwọn ilé oúnjẹ ìdílé tó wà létí adágún Bodensee lókìkí nítorí ẹja Felchen. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni wọ́n ti fòfin de pípa á fún ọdún 3, torí iye ẹ̀ ti dínkù jọjọ. Òfin yẹn ò sí ní fìrí, gbogbo ayé ló gbọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnu ìyá nìkan ló lè sọ fún wa, kó sì sọ ọ́ ká tó sanwó.

Lọ́jọ́ kẹta, òbòkún dé, ọmọkùnrin ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ni. A ò sọ̀rọ̀ títí abọ́ fi gbẹ. Ẹ tètè lọ o, tó bá ti kọjá aago 2 ọ̀sán, púpurú ti tán.